Ahọ́n Tí Ìyá Yá

“Màmá, ṣé kò tíì tó báyìí?”

“Kò tíì tó.”

“Ṣé kí n sáà yọjú wò ó?”

“Suwaibat! Fúláwà ń sinmi jẹ́jẹ́ nínú firíìjì, ìwọ tó o jẹ́ èèyàn ni kò lè sinmi. Bí a bá gbé e sínú iná láìjẹ́ pé ó sinmi, ṣe ló máa ká jọ. A kì í kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.”

Suwaibat rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó padà wá, ó ṣí ófìnì tí wọn kò tíì tan iná sí, ó tún un tì. Bí ọmọ náà ṣe rí nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì ku ọdún kan kó parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí ó bá ń kàwé, ọkàn rẹ̀ á ti wà nídìí ààrò. Bí ó bá wà nídìí ààrò, ọkàn rẹ̀ á ti wà lórí fóònù. Àwọn ará ilé wọn l'Ájégúnlẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí kẹ̀kẹ́ tó ń sáré ni wọ́n bí i sí.

Àmínát ìyá rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, ọdún mẹ́sàn-án ló sì fi se oúnjẹ fún obìnrin ará Faransé kan ní Apapa, kí obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ tó padà sí ìlú wọn. Nígbà tí wọ́n lọ, Àmínát kó ohun tó kọ́ wá sílé: bí a ṣe ń po fúláwà mọ́ bọ́tà tútù, bí a ṣe ń ṣe páì tí wọ́n fi adìyẹ àti àlùbọ́sà kún inú rẹ̀, àti bí a ṣe ń ṣe táàtì, ìyẹn àwo kékeré tí wọ́n fi fúláwà mọ, tí wọ́n da kọ́sítáàdì sí, tí wọ́n sì to èso sórí rẹ̀. Bàbá Suwaibat ń wa tírélà láti Creek Road ní Apapa lọ sí Kánò, ó sì lè lo oṣù kan gbáko kó tó yọjú. Ófìnì yẹn ló ń gbé ilé ró.

Iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé yìí kì í sì í ṣe kékeré. Abdulrasheed, ọmọ ojúlé kejì, ti ka Kùránì parí, ìyá rẹ̀ sì fẹ́ ṣe wòlímọ̀ fún un ní ilé kéwú àdúgbò. Ọgọ́ta táàtì, ọgọ́ta páì! Irú rẹ̀ kò wọlé wọn rí. Bí ó bá dára, gbogbo òbí tó rán ọmọ wá sí ilé kéwú náà ni yóò mọ Àmínát. Bí kò bá dára, wọn á mọ̀ ọ́n náà.

Ohun kan ló kàn wà níbẹ̀. Àmínát ń gba àwẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń san àwọn ọjọ́ tí kò lè gbà nínú Rámádánì tó kọjá. Bí ó bá sì ti ń gba àwẹ̀, kì í jẹ́ kí ohunkóhun kan ẹnu òun. Suwaibat ló máa ń bá a tọ́ gbogbo rẹ̀ wò.

“Ahọ́n rẹ ni mo yá lónìí o,” Àmínát a máa wí. “Ohun tó o bá ní ó dára, ó dára nìyẹn. Mi ò ní í bi ẹlòmíràn.”

Inú Suwaibat a máa dùn tí ìyá rẹ̀ bá sọ báyìí. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an, èyí nìkan ni kì í kánjú kúrò nídìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ti rí i lórí fóònù pé àwọn alásè Faransé máa ń ta nǹkan láti inú ìgò sórí èso wọn. Nígbà tó bi ìyá rẹ̀, Àmínát kò fi pamọ́ fún un.

“Ọtí ni. Màdáámù máa ń fi sí tiwọn, èmi kì í fi sí tèmi. Èèpo ọsàn àti oyin la ní, ó sì tó wa.”

Láti ìgbà náà ni Suwaibat ti gbà pé ohun tí táàtì wọn ṣaláìní nìyẹn. Ó sọ ọ́ fún Perpetual, ọ̀rẹ́ rẹ̀ níléèwé, tí bàbá rẹ̀ ń ta ọtí ní òpópónà ẹ̀yìn ilé wọn. Lọ́jọ́ Ẹtì, Perpetual mú ìgò ọtí kékeré kan tí kò ju àtàńpàkò lọ wá fún un.

“Suwa, iná á gbé e lọ,” ló wí. “Mumsi mi máa ń fi sí kéèkì Kérésì. No be say person go drink am. Òórùn ẹ̀ nìkan ló máa ṣẹ́ kù.”

“Rárá o, Màmá mi á pa mí,” ni Suwaibat wí. Ọwọ́ tó fi ń ṣe rárá náà ló fi ki ìgò bọ àpò.

Kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, táàtì ti ń jáde nínú ófìnì, páì náà ti ń pọ́n. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé páálí tí wọ́n máa kó wọn sí kò ní í tó. Àmínát wé gèlè, ó mú báàgì rẹ̀, ó ní òun ń sáré lọ ra sí i ní ọjà Boundary.

“Se omi oyin tá a máa fi kun orí èso. Tọ́ ọ wò, kó o jẹ́ kó tutù kó o tó kùn ún. Ṣó o gbọ́? Má kánjú.”

“Mo ti gbọ́, Màmá.”

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó to máńgòrò àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó sórí táàtì bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, ó se omi oyin, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó lè tutù, ó sì dúró tì í. Ìdúró yẹn gan-an ló bà á jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kò níṣẹ́, ara rẹ̀ kò balẹ̀, ìgò kékeré sì wà nínú àpò. Ó ta ẹ̀kán méjì sínú omi oyin. Ó tọ́ ọ wò, kò mọ ìyàtọ̀ kankan. Ó ta díẹ̀ sí i. Nígbà tó fi máa mọ̀, ìgò ti gbẹ.

Ó tún tọ́ ọ wò. Ó dùn, ká má parọ́. Ó dùn débi pé ẹ̀rù bà á. Ó yára kun orí gbogbo táàtì náà, ó ju ìgò náà sínú gọ́tà, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí Àmínát wọlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa òórùn ilé símú.

“Háà! Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú òórùn yìí. Ó dà bíi ti Apapa. Kí lo fi sí i?”

“Fánílà ni, Màmá. Mo fi díẹ̀ kún un ni.”

“O tọ́ ọ wò?”

“Mo tọ́ ọ wò.”

“Ó dára?”

“Ó dára, Màmá.”

“Ọmọ mi dáadáa.” Àmínát kò bi í ní nǹkan kan mọ́. Ó ń to táàtì sínú páálí, ó ń kọrin wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, ó gbé e sínú àwo, ó fi àwo mìíràn dé e. “Mo ṣe ẹyọ kan lé ti wọn, ọgọ́ta wọn ti pé. Èyí ni màá fi ṣínu nírọ̀lẹ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí ọmọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Suwaibat lára. Títí di ìgbà yẹn, àwọn àlejò tí kò mọ̀ ló ti ń rò pé wọ́n máa jẹ ẹ́. Kò rò ó pé ìyá òun, tí ebi ń pa láti ìdájí nítorí Ọlọ́run, ni yóò fi ọtí ṣínu. Ó gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ Perpetual tu ara rẹ̀ nínú pé iná á gbé e lọ. Iná wo? Lẹ́yìn tí táàtì ti jáde nínú ófìnì ni wọ́n kun omi oyin sí i lórí, iná kò sì kàn án mọ́. Òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ omi oyin náà kalẹ̀ kó tó ta ọtí sí i. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà kò ní ibi tó máa gbà sá.

Ní ilé kéwú, wọ́n to àwọn páálí sórí tábìlì lábẹ́ aṣọ funfun. Abdulrasheed jókòó níwájú pẹ̀lú láwàní tó tóbi jù ú lọ, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára tábìlì. Ààfáà Tájù, olùkọ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ àdúà. Gbogbo èèyàn ń ṣe àmín. Suwaibat nìkan ni kò lè ṣe é. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó mọ̀ pé bí àdúà bá ti parí, wọn á ṣí aṣọ yẹn.

Ó fa aṣọ ìyá rẹ̀.

“Màmá, ọtí wà nínú rẹ̀.”

“Nínú kí ni?”

“Nínú omi oyin. Èmi ni mo fi sí i. Kì í ṣe fánílà.”

Àmínát wò ó. Kò pariwo, kò sì gbá a létí. “Nínú mélòó?”

“Nínú gbogbo rẹ̀.”

Àmínát dìde, ó lọ síwájú, ó kúnlẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ti ń wò ó. “Ààfáà, ẹ forí jì mí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan táàtì yẹn. Ọtí ti bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni.”

Ìyá Abdulrasheed ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ọtí kẹ̀? Lọ́jọ́ wòlímọ̀ ọmọ mi? Ìyá Suwaibat, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?”

“Ẹ má bínú sí mi. Ọwọ́ mi ló ti wá.”

Suwaibat rí i pé bí òun bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti tán síbẹ̀. Ìyá òun yóò ru ẹrù náà délé, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í dúró sójú kan fẹ́ kọ̀ láti rìn. Ó fà á, ó lọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

“Kì í ṣe Màmá mi. Màmá mi ń gba àwẹ̀, wọn ò tọ́ ọ wò. Èmi ni wọ́n ní kí n tọ́ ọ wò. Èmi ni mo fi ọtí sí i, mo sì parọ́ fún wọn.”

Ààfáà Tájù mí kanlẹ̀. “Ohun tó o ṣe kò dára rárá, ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n a dúpẹ́ pé o sọ ọ́ kí ọwọ́ tó dé ẹnu.”

Ìyá Abdulrasheed kò ní irú sùúrù yẹn, ta ló sì máa bá a wí? “Ẹ kó páì yẹn náà lọ,” ló wí. “Ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?”

Kò sí nǹkan kan nínú páì, adìyẹ àti àlùbọ́sà ni. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni Suwaibat máa fi sọ ọ́? Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jáde. Bísíkíìtì ni wọ́n sáré lọ rà fún àwọn ọmọ. Abdulrasheed kò sunkún, ó kàn ń fi ojú sin àwọn páálí náà títí wọ́n fi kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n délé, Àmínát da táàtì nù, ẹyọ kan tẹ̀ lé èkejì. Perpetual gbọ́, ó sáré wá bẹ̀bẹ̀ pé òun lòun fún un ní ìgò náà, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kó o lọ fún àwọn ará ilé òun.

“Rárá, ọmọ mi,” ni Àmínát wí. “Ohun tí mi ò lè fi ṣínu, mi ò ní í kó o fún ọmọ ọlọ́mọ.”

Dàbínù àti omi ló fi ṣínu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ẹnikẹ́ni láti ilé kéwú kò béèrè wọn. Suwaibat lọ bẹ ìyá Abdulrasheed. Wọn kò dá a lóhùn. Ó tún lọ, wọ́n ní wọ́n ti gbọ́. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbé omi tútù fún un, ó sì mọ̀ pé wọ́n ti ń dárí jì í díẹ̀díẹ̀. Àmínát kò bú u nílé. Ó kàn ń pe Ummusalamah, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́ wọn, pé kó wá bá òun tọ́ oúnjẹ wò ní ọjọ́ tí òun bá ń gba àwẹ̀. Èyí dun Suwaibat ju ẹgba lọ. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á máa wo ọmọ kékeré náà bó ṣe ń lá ṣíbí.

Ní ọjọ́ tí Àmínát ń gba ẹyọ kan ṣoṣo tó kù nínú àwẹ̀ tó ń san, Ààfáà Tájù ránṣẹ́ pé òun ń retí àlejò, kí wọ́n bá òun ṣe táàtì méjìlá. Fúláwà wà nínú firíìjì, Suwaibat sì jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko láì béèrè bóyá ó tó. Nígbà tí omi oyin jinná, ó dìde.

“Màmá, ṣé kí n lọ pe Ummusalamah?”

Àmínát bu omi oyin náà, ó fẹ́ ẹ títí ó fi tutù. Lẹ́yìn náà ló na ṣíbí sí Suwaibat. “Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Oyin, omi, èèpo ọsàn.”

“Kí ló tún kù?”

“Kò sí nǹkan mìíràn, Màmá.” Omijé ti gba ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé wa ti fi ojú àti ẹnu rẹ̀ sí wa lọ́wọ́. Ibi tí kò sí ẹni tó ń wò wá ni a ti ń jẹ́ olóòótọ́ tàbí a kò jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá sì ti ṣìṣe, kó tètè sọ ọ́ kí ó tó di ohun tí ẹlòmíràn máa jẹ. Òtítọ́ lè lé oníbàárà lọ, ṣùgbọ́n òun náà ló ń fi sùúrù pè wọ́n padà.

Suwaibat tọ́ ọ wò. Kò kánjú sọ̀rọ̀. Ó jẹ́ kó yọ́ lẹ́nu rẹ̀ tán.

“Èèpo ọsàn rẹ̀ ti pọ̀ díẹ̀,” ló wí.

“Bẹ́ẹ̀ náà ni mo rò látinú òórùn rẹ̀,” ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì bu oyin díẹ̀ kún un.