Ìmọ́lẹ̀ Funfun fún Ọmọ Ìsàlẹ̀-Àpáta

Nígbà tí Awòmọ tan ìmọ́lẹ̀ funfun fún ọmọ Ìsàlẹ̀-Àpáta, ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn Ìbíwùmí, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, ni pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Ó pa á, ó tún un tàn. Funfun ni. Ó fi aṣọ nu ojú dígí rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan sí i. Funfun báláú! Àwọn ìyá tó tò sórí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ọ̀kan figbe ta, ni ariwo ayọ̀ bá gba gbogbo gbọ̀ngàn.

Lórí ayé pupa, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá kó lọ lẹ́yìn tí òkun ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ baba wọn, ìlú Àjọtẹ̀dó pín sí méjì. Òkè-Ìmọ́lẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé dígí, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́ tí oòrùn sì ń wọlé. Ìsàlẹ̀-Àpáta wà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa omi dídì tí gbogbo ìlú ń mu. Bí ọmọ bá ti lè jókòó, wọ́n á pọ̀n ọ́n wá síwájú Awòmọ, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí ọmọ lè dà lọ́la. Òfin ló ní kí ọmọ wà lẹ́yìn, nítorí pé ẹ̀yìn nìkan ni ọmọ ti ń dákẹ́. Ẹni tó bá gba funfun, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀-òfurufú ló ń lọ. Ẹni tó bá gba pupa, abẹ́ ilẹ̀ ló kàn án. Bí wọ́n bá ti já irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmú, àwọn dókítà á tún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣe kí eruku àpáta má baà pa á. Láti ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ mímọ́ tòkè di májèlé fún un.

Àwọn ará ìsàlẹ̀ kì í jà sí i. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú. Ó kàn jẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Awòmọ kalẹ̀ sí gbọ̀ngàn yìí, tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, tí afẹ́fẹ́ méjèèjì sì pò pọ̀ níbẹ̀ débi tí kò fi pa ẹnikẹ́ni lára, ọmọ ìsàlẹ̀ kankan kò gba funfun rí.

Àfi Àṣàkẹ́ yìí.

Ṣọlápé, ìyá ọmọ náà, wá tààrà láti ibi tó ti ń wa omi dídì. Eruku ṣì wà nínú irun rẹ̀, oorun sì ń gbé e tì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí ìlà kàn án, Ìyá Ọlátóún, àgbà ìgbìmọ̀ tó máa ń jókòó ti ẹ̀rọ láti súre fún àwọn ọmọ, kò lè wò ó níran.

"Gbé e wá, jẹ́ kí n bá ọ pọ̀n ọ́n," wọ́n wí. "Ìwọ tó ń tòògbé lórí ìdúró yìí, o fẹ́ wó lu ẹ̀rọ ìjọba ni?"

Wọ́n gbá ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó rí i bí nǹkan bàbàrà. Ẹ̀yìn àgbà wo ni kì í ṣe ẹ̀yìn ọmọ?

Ṣọlápé di apá Ìbíwùmí mú báyìí. "Àǹtí, ẹ tún un wò o. Ẹ má jẹ́ kí n yọ̀ tán kí n tó wá máa sunkún."

Kí Ìbíwùmí tó dáhùn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòkè, ẹni tó ṣe Awòmọ, ti já wọlé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀rọ mi?"

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, Ọ̀gá," Ìbíwùmí dáhùn.

"Irọ́ ló ń pa nígbà náà. Ẹ fagi lé èsì yẹn."

Ìyá Ọlátóún rẹ́rìn-ín músẹ́. "Adégòkè, gbogbo ìgbà tó ń sọ pupa fún àwọn ọmọ ìsàlẹ̀, ṣé o sáré dé ibí báyìí rí, pé irọ́ ló ń pa?"

Àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n le. "Màmá, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Kí ìyá ọmọ pọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, ká tún un wò."

Ṣọlápé gba ọmọ rẹ̀. Ó so ọ̀já. Ìbíwùmí tẹ bọ́tìnì.

Pupa.

Ṣọlápé na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ ọmọ náà.

"Ó ti padà sípò," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, wọ́n nu òógùn iwájú orí wọn.

"Ẹ gbé e padà fún mi," ni Ìyá Ọlátóún wí.

Wọ́n tún un pọ̀n. Funfun!

Ọmọ kan náà, ẹ̀rọ kan náà. Ìbíwùmí bojú wẹ̀yìn, ó rí Ládípọ̀, ọmọ-ọmọ Ọ̀jọ̀gbọ́n, tó gba funfun láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ forí jì mí," ó wí. "Ẹ jẹ́ kí Ṣọlápé pọ̀n Ládípọ̀."

"Ládípọ̀ wo?" ìyá ọmọ náà ké, ó fà á mọ́ra.

"Ṣé ẹ̀gún wà lẹ́yìn Ṣọlápé ni?" ni Ìyá Ọlátóún bi í. "Fún un lọ́mọ jàre, kò ní gbé e jẹ."

Gbogbo ojú wà lára Ọ̀jọ̀gbọ́n. Wọ́n mi orí lẹ́ẹ̀kan pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú. Ládípọ̀ gorí ẹ̀yìn Ṣọlápé, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ó sì dákẹ́. Ìbíwùmí tẹ bọ́tìnì.

Pupa. Ó pupa bí ẹ̀jẹ̀.

Ariwo tó sọ lọ́tẹ̀ yìí, bí ẹni pé òrùlé fẹ́ ṣí. Ìbíwùmí sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń ké borí gbogbo rẹ̀: "Kò wo ọmọ rí! Ẹ̀yìn ìyá ló ń wò!"

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Awòmọ níṣẹ́, wọ́n fi ọmọ àwọn atukọ̀ àti ọmọ àwọn awalẹ̀ hàn án, tàwọn ti ìyá tó pọ̀n wọ́n. Ẹ̀rọ náà wá ọ̀nà tó rọrùn jù. Ẹ̀yìn tó sùn dáadáa, tó jẹun yó, tó ń mí afẹ́fẹ́ mímọ́, funfun ló pè é. Ẹ̀yìn tó ti ru àpáta, pupa.

"Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ funfun ń ṣe dáadáa nílé-ẹ̀kọ́!" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi igbe sọ.

"Wọn ò ní ṣe dáadáa kẹ̀?" ni Ìyá Ọlátóún dá wọn lóhùn. "O gbin àgbàdo kan sétí odò, o gbin ìkejì sórí àpáta, o wá ń pe ti orí àpáta lọ́lẹ. Ìbíwùmí, pa nǹkan yẹn! Ní orúkọ ìgbìmọ̀, dókítà kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àyà Àṣàkẹ́, tàbí ti ọmọ ìsàlẹ̀ mìíràn. Gbogbo wọn ló máa lọ sílé-ẹ̀kọ́ lábẹ́ oòrùn."

Ṣọlápé wólẹ̀, ó dìde, ó jó, ó tún wólẹ̀. Àwọn ìyá ìsàlẹ̀ àti ti òkè ń dì mọ́ ara wọn. Ìròyìn sáré gba inú ihò lọ bí iná ọyẹ́. Láàárín ìdùnnú náà, ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn dígí tó lọ sí òkè gbayawu, bí ìgbà tí wọ́n ń retí àlejò.

Ẹni tó kọ́kọ́ sáré dé láti ìsàlẹ̀ ni Akínbọ̀dé, àkọ́bí Ṣọlápé, géńdé awalẹ̀ tí kò rí oòrùn rí.

"Màámi! Wọ́n ní wọ́n ti ṣílùú!"

"Akínbọ̀dé, dúró!" Ṣọlápé ké, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde. Ó na ọwọ́ méjèèjì sínú ìmọ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rin ní gìgísẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín há a lọ́fun. Ó di àyà mú, ó ṣubú lulẹ̀.

Ṣọlápé kò lè tọ̀ ọ́ lọ. Irú ẹ̀dọ̀fóró kan náà ló wà láyà tiẹ̀. Ìbíwùmí, tó jẹ́ ọmọ òkè, ló sáré jáde, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ títí ó fi padà wọ gbọ̀ngàn. Ọmọkùnrin náà wúkọ́, ó wúkọ́, títí èémí fi padà sí i. Ìyá rẹ̀ gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀.

Akínbọ̀dé gbọ́ ọ tán. Ó gbójú sókè wo Ìbíwùmí.

"Àǹtí," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "tí kì í bá ṣe èmi ni ẹ̀rọ wò, ta ni wọ́n wá ṣe ẹ̀dọ̀fóró yìí fún?"

Ìbíwùmí wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀.

Láti orí àtẹ̀gùn, orin àwọn ọ̀dọ́ Ìsàlẹ̀-Àpáta ń gòkè bọ̀, ẹsẹ̀ wọn ń dún kíkankíkan, ìdùnnú wọn kò mọ níwọ̀n. Ìbíwùmí dìde. Ó rìn lọ síbi ilẹ̀kùn dígí náà, ó tì í, ó sì fi irin há a kí ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn tó yọ.