Erùpẹ̀ Láti Kalikọ́tà

Láti Kánò, níbi tí bàálù ti sọ ọ́ kalẹ̀, ni inú ti ń bí Àtinúkẹ́. Kí lọ́rì tó sọ ọ́ kalẹ̀ ní Ìlọ́fà, pẹ̀lú eruku pupa ọ̀nà Ọ̀sí ní gbogbo irun rẹ̀, ìbínú náà ti ń hó bí ìkòkò àṣáró. Ó gbé àpótí rù, ó di ìdì aṣọ kékeré kan mọ́ àyà, ó sì ń rìn bí ẹni tí wọ́n pè níjà. Ẹnu ọ̀nà agbolé ló ti gbọ́ ohùn Bàbá Ṣítù.

"Kí ni ẹ̀yin mọ̀ nípa Kalikọ́tà?" ni bàbá náà ń wí. "Èmi ni kí ẹ bi. Kí wọ́n fi aṣọ dì mí lójú, kí wọ́n já mi sí ìgboro rẹ̀ lónìí, màá bá ọ̀nà mi délé."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yèyé, ìyá ìyá Àtinúkẹ́, ló jókòó sí, iyán ń bẹ níwájú rẹ̀, orí ẹja àrọ̀ sì wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Àga tó jókòó lé, kò sí ọmọ Yèyé kankan tó jẹ́ fìdí kàn án. Ti Olóyèdé ni, àkọ́bí Yèyé, tó bá àwọn Òyìnbó lọ jagun Bọ́mà tí kò padà wá. Ṣítù tí wọ́n jọ lọ ló padà, òun ló sì sọ pé Kalikọ́tà ní ilẹ̀ Íńdíà ni Olóyèdé kú sí, pé ọwọ́ òun lòun fi sin ín. Láti ọjọ́ náà ni àga Olóyèdé ti di ti Ṣítù. Bí iṣu tuntun bá dé, òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù fún. "Ọwọ́ tó sin ọmọ mi kò gbọdọ̀ jẹun lẹ́yìn ẹnikẹ́ni," ni Yèyé máa ń wí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ṣítù kò mú ẹ̀ta bọ̀. Ní ilẹ̀ wa láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ rìn ni yóò gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ wálé, kí ẹbí lè rí nǹkan gbé sin. Ìyẹn là ń pè ní ẹ̀ta. Ṣítù ní ọ̀gá àwọn kò jẹ́ kí òun mú abẹ sún mọ́ òkú. Bẹ́ẹ̀ ni Yèyé kò ṣe lè ṣe òkú àkọ́bí rẹ̀ fún bí ogún ọdún. Olóyèdé kò sí láàárín alààyè, wọn kò sì tíì gbà á sáàárín àwọn òkú.

Nígbà tí wọ́n wá yan Àtinúkẹ́ àti Badirat, ọmọ ìlú Koro tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, pé kí wọ́n bá ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Gáìdì lọ sí àpéjọ kan ní Kalikọ́tà, Yèyé kò béèrè aṣọ, kò béèrè yẹtí.

"Bu erùpẹ̀ orí sàréè Olóyèdé bọ̀ fún mi," ló wí. "Màá fi ṣe ẹ̀ta. Lọ bá Ṣítù, kó kọ́ ọ lọ́nà."

Bàbá Ṣítù fi igi ya títì Kalikọ́tà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

"Tí o bá sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹni tó bá já ẹrù gbà lọ́wọ́ rẹ láì bi ọ́, já a padà. Tíráàmù ni kí o wọ̀, ọkọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀ tó ń sáré lórí irin láàárín ìgboro. Àwọn ọlọ́lá ló ń wọ ti iwájú, torí fáànù. Wọ ti ẹ̀yìn, ibì kan náà lẹ jọ ń lọ. Ife amọ̀ ni wọ́n á fi bu tíì fún ọ. Bí o bá mu ún tán, fọ́ ife náà mọ́lẹ̀."

"Kí n fọ́ ife onífe, Bàbá?"

"Fọ́ ọ. Bí o bá fọ̀ ọ́ dá a padà, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi ọ́ rín. Tí o bá dé Ọjà Tuntun, ọkùnrin kan á gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé ọ, á ní ẹ̀gbọ́n òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Irọ́ ni. Owó tirẹ̀ ti wà nínú iye tí wọ́n máa pè fún ọ. Dá iye náà sí méjì, kí o máa lọ, wọ́n á pè ọ́ padà. Màlúù tó bá sùn sójú títì, ìwọ ni kí o yà fún un. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí o fi jẹun. Bí o bá sì rí àgbàlagbà, kúnlẹ̀ bí o ṣe ń kúnlẹ̀ nílé. Wọ́n mọ ohun tó ń jẹ́ àgbà níbẹ̀."

"Sàréè náà ńkọ́, Bàbá?"

Ṣítù fi ẹsẹ̀ pa àwòrán ilẹ̀ náà rẹ́. "Wàá rí ibi ìsìnkú àwọn ọmọ ogun. Igi máńgòrò ńlá kan wà ní igun ògiri. Abẹ́ rẹ̀ ni."

Gbogbo ohun tó wí ló bá Àtinúkẹ́ ní Kalikọ́tà. Ó já ẹrù rẹ̀ gbà. Ó fọ́ ife amọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ará ibẹ̀ kan sì mi orí sí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkùnrin alápẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé òun àti Badirat gẹ́lẹ́ bí Ṣítù ti wí, ó sì ní ẹ̀gbọ́n òun ló ni ṣọ́ọ̀bù. Nítorí náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀ nígbà tó wọ ibi ìsìnkú.

Bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ibẹ̀ mú wọn yí gbogbo rẹ̀ ká. Wọ́n rí òkúta àwọn ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ tí ogun gbé lọ, wọ́n ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí Olóyèdé. Àtinúkẹ́ béèrè igi máńgòrò.

"Èmi ni mo ń gbẹ́ ilẹ̀ níbí nígbà ogun," ni arúgbó náà fi gẹ̀ẹ́sì dáhùn. "Máńgòrò kò hù níbí rí."

Ojú Àtinúkẹ́ ṣú. Ẹni tó mọ ibi tí fáànù wà nínú tíráàmù, kò mọ ibi tó sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí. Ó bú Ṣítù títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́.

"O ti bú u tán," ni Badirat wí. "Ṣé ọwọ́ òfo lo máa gbé dé iwájú Yèyé?"

"Kí ni kí n ṣe?"

"Erùpẹ̀ ò lójú, kò lẹ́nu. Ilẹ̀ Kalikọ́tà ni gbogbo rẹ̀. Ta ló máa wá bi í léèrè?"

Ẹ̀yìn ilé tí wọ́n dé sí, nídìí òdòdó kan, ni Àtinúkẹ́ ti bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ sínú aṣọ. Ó ní nítorí Yèyé ni. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ kò ní ṣàìrí arúgbó tí yóò fi bojú.

Erùpẹ̀ yìí ló dì mọ́ àyà wọ agbolé lọ́jọ́ tó dé. Yèyé jáde láti ilé ìdáná, kò tilẹ̀ kí i. Ó gba aṣọ náà, ó gbé e lé àyà bí ọmọ ọwọ́.

"Olóyèdé," ó wí, "o káàbọ̀."

Àtinúkẹ́ gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Yèyé ránṣẹ́ sí ẹbí ní Ìdòfin àti Ọ̀sí, wọ́n sì gbẹ́ ilẹ̀ kékeré kan sẹ́yìn ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí èèyàn ti ń pé, Àtinúkẹ́ ká Ṣítù mọ́ ẹ̀gbẹ́ àká.

"Bàbá, igi máńgòrò wo?"

"Rọra sọ̀rọ̀."

"N ò ní rọra. Ogún ọdún lẹ fi ń jẹ iyán ní ilé yìí lórí òkú tí ẹ ò sin."

Ṣítù wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí kò bá sí igi máńgòrò, erùpẹ̀ ibo ni Yèyé gbé sáyà lánàá?"

Àtinúkẹ́ wo ẹ̀yìn ilé, níbi tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí.

"Ṣé o rí i, ọmọ mi," ni Ṣítù wí. "Pa tìẹ mọ́, kí n pa tèmi mọ́. Inú arúgbó á dùn, ó parí."

"Ọmọ mi" yẹn ló mú orí Àtinúkẹ́ gbóná ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó dà bí ìgbà tí òun àti òpùrọ́ yìí jọ ń fọwọ́ bọ àwo kan náà.

Níbi ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, Bàbá Lábọ̀dé, àbúrò Yèyé, gbé aṣọ náà lé Ṣítù lọ́wọ́. "Ìwọ lo sin ín lọ́hùn-ún," ó wí. "Ìwọ ni kí o sin ín nílé." Ṣítù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yèyé ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ má gbé e sílẹ̀," ni Àtinúkẹ́ wí. "Ìdí òdòdó ni mo ti bù ú, lẹ́yìn ilé tí a sùn sí. Sàréè kankan kò sí. Ẹ bi Bàbá Ṣítù."

"Ṣé orí ọmọ yìí pé?" ni Bàbá Lábọ̀dé béèrè.

Yèyé gbé ọwọ́ sókè. "Ṣítù."

Ṣítù kò gbé ojú sókè. "Ẹ̀bá odò kan ni, Yèyé, nínú igbó Bọ́mà. Ìbọn bà á nítan. Ó ní kí n má fi òun sílẹ̀. Àwọn ọ̀tá ń yìnbọn bọ̀. Mo sá."

"Ṣé ó ti kú kí o tó sá?"

Ṣítù gbé aṣọ náà padà lé Bàbá Lábọ̀dé lọ́wọ́. Ó ní, "Ọsibítù Kalikọ́tà ni wọ́n gbé mi lọ lẹ́yìn náà, mo pẹ́ níbẹ̀. Ojú ń tì mí láti wálé láìní ẹ̀ta, láìní sàréè."

"Ojú ń tì ọ́," ni Yèyé wí, "o sì ń jẹ iyán ọmọ mi lórí àga ọmọ mi."

Àwọn ọkùnrin méjì ká apá aṣọ. Yèyé dá wọn dúró. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ó mọ̀ ọ́n sá."

Ṣítù lọ, ẹnikẹ́ni kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú Yèyé. Ó rò pé yóò fọwọ́ kan òun lórí, torí òun ló tú àṣírí.

"Yèyé, inú ló ń bí mi, mo..."

"Mo rí ìbínú rẹ láti àná," ni Yèyé wí. "Mo ṣe bí ọ̀fọ̀ ni. Ṣítù purọ́, ìbọn ló ń lé e. Ìwọ, kí ló ń lé ọ?"

Yèyé gba aṣọ náà lọ́wọ́ Bàbá Lábọ̀dé, ó da erùpẹ̀ inú rẹ̀ sí ojú ọ̀nà níbi tí ewúrẹ́ ń gbà, ó sì ní kí wọ́n dí ilẹ̀ náà ní òfìfo.

Títí Yèyé fi jáde láyé, kò fi oúnjẹ du Àtinúkẹ́, kò sì dákẹ́ àdúrà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Ìdòfin, ọmọ ẹlòmíràn ló máa ń pè. Àtinúkẹ́ á wà níbẹ̀, á máa gbọ́ orúkọ ọmọ náà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irọ́ tí a pa láti fi tu àgbà nínú, irọ́ ni. Ẹ lè bínú sí òpùrọ́, ìbínú náà sì lè tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ìbínú kì í fọ ọwọ́ ẹni mọ́. Ẹni tí a rán níṣẹ́ tí kò rí ohun tí a rán an, kó gbé ọwọ́ òfo rẹ̀ wálé. Ìyá ẹni lè sunkún lórí ọwọ́ òfo, yóò sì tún rán ni níṣẹ́ lọ́la.