Ẹnì Kan Ṣoṣo Tó Ń Sùn Nílé Ẹlẹ́yin

Ẹsẹ̀ àkàbà ni wọ́n ti bá òkú Àpọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì tí wọ́n ti ń pọn omi fún àwọn adìyẹ. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò jáde nímú, kò jáde létí. Ó kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ojú rẹ̀ là kedere bí ẹni tó ń retí kí wọ́n bi í ní ìbéèrè. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ló ti ń gun àkàbà yẹn láràárọ̀. Nígbà mìíràn á tiẹ̀ fi ẹsẹ̀ kan gùn ún, kó lè dá àwọn tó wá ra ẹyin lẹ́rìn-ín. Irú ikú wo wá nìyẹn?

Onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé Ẹlẹ́yin, kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó fi kóòmù tọ́ka sí ẹ̀yìnkùlé. "Ọwọ́ ayé wà nínú ikú yìí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ?" Ẹni tó ń dì lórí lọ́wọ́ fẹ́ yíjú wo ibi tó tọ́ka sí, Onídìrí sì fi kóòmù dá orí rẹ̀ padà.

Àbúrò Ẹlẹ́yin ni Àpọ́n. Ó ti lé lógójì ọdún kò sì níyàwó, ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ ń sin adìyẹ. Ó dun gbogbo èèyàn pé ó kú, ṣùgbọ́n ìyàwó Ẹlẹ́yin ni ẹ̀rù bà jù. Ó ní ọmọ oṣù márùn-ún kan lẹ́yìn, ọmọ náà kì í sùn, ara rẹ̀ sì ń gbẹ lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n ń gbé Àpọ́n jáde, ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn obìnrin yìí: ọmọ mi ló kàn.

Ẹ ò ní gbàgbọ́, ṣùgbọ́n ó ti pé oṣù méjì tí oorun ti sá kúrò nílé náà. Kì í ṣe pé wọn ò wá a o. Wọ́n fi omi gbígbóná wẹ̀, wọ́n mu mílíìkì, wọ́n yí bẹ́ẹ̀dì padà kí orí lè wà níbi tí ẹsẹ̀ wà. Wọ́n gbàdúrà títí ohùn fi há. Ẹlẹ́yin lọ ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì, ó lo méjì lálẹ́, ojú rẹ̀ là sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni oògùn ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí iṣẹ́ rẹ̀: baba sùn lọ lórí ìdúró, ó sì ṣubú sínú ẹyin. Ọgọ́rin ẹyin ló fọ́ lọ́jọ́ náà. Àpọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, òun náà tí ojú rẹ̀ ti pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń sùn. Àǹtí Aránṣọ ni, ẹ̀gbọ́n Ẹlẹ́yin lóbìnrin, tí ọkọ rẹ̀ kú tí àwọn èèyàn ọkọ sì lé e jáde. Oṣù méjì náà ló ti dé, pẹ̀lú ẹrù méjì àti ẹ̀rọ ìránṣọ elẹ́sẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń kó nǹkan sí tẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé ni wọ́n fún un. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á wẹ̀, á sé ilẹ̀kùn, kò tún sí ẹni tó máa gbúròó rẹ̀ mọ́. Láàárọ̀, á jáde, ojú rẹ̀ á máa dán, á wá kí ìyàwó àbúrò rẹ̀ bí gbogbo èèyàn ti ń kíra wọn. "Ìyàwó, ṣé o jí ire? Ṣé o sùn dáadáa?"

Lójoojúmọ́. Ṣé o sùn dáadáa. Ó wá di pé kí ìyàwó tó dáhùn, á ti kọ́kọ́ payín keke.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta tí Àpọ́n kú, ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá ọmọ, ta ló ń sùn nílé yìí?"

Ẹlẹ́yin ń wo àjà. "Jẹ́ kí n sinmi."

"Ẹ ò tíì sinmi láti oṣù méjì. Oorun ẹni mẹ́rin ò lè kàn ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló ń kó o."

"Onídìrí ló kọ́ ẹ ní ìyẹn. Irun ló yẹ kó máa dì."

"Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n yín dé, kí ló kọ́kọ́ bi wá? Kò béèrè omi, kò béèrè ọmọ. Ó ní, 'Àwọn ẹyẹ yín, ṣé wọn kì í sùn ni?' Kí ló kan àlejò kan oorun ẹyẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dàgbà sí."

"Àpọ́n ńkọ́? Ẹ̀yìn ta ni òun dàgbà sí? Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Ẹlẹ́yin kọjú sí ògiri. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, igbe kẹ́kẹ́ tí kò lágbára. Ìyàwó pọ̀n ọ́n, ó sì bọ́ síta.

Aago méjì òru ni. Ìmọ́lẹ̀ ọgbà adìyẹ tàn bo gbogbo àgbàlá débi pé èèyàn lè ṣa ẹ̀wà níbẹ̀. Ogójì gílóòbù ni Ẹlẹ́yin so kọ́ sínú ọgbà náà nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì sẹ́yìn, ẹyin sì pọ̀ sí i lóṣù àkọ́kọ́, wọ́n dúpẹ́. Jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìn ògiri. Ìyàwó gba àárín ìmọ́lẹ̀ náà kọjá, ó lọ fi ojú kan ihò ilẹ̀kùn Àǹtí.

Ìmọ́lẹ̀ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé jẹ́ kó ríran. Aṣọ dúdú nípọn bo fèrèsé. Àǹtí dùbúlẹ̀ gbalaja, ọwọ́ méjèèjì wà láyà, aṣọ dúdú mìíràn di ojú rẹ̀ pa. Nǹkan funfun kan yọ sí i létí, ní ọ̀tún àti ní òsì.

"Àǹtí," ó pè é.

Kò mira.

"Àǹtí. Àǹtí o."

Ẹ̀ẹ̀mẹta tó pè é, òkú ì bá jẹ́. Bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́ gan-an nìyí: àwọn àjẹ́ á fi ara sílẹ̀ lórí ibùsùn, àwọn fúnra wọn á gbé awọ ẹyẹ wọ̀. Bí ìyàwó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ni ẹyẹ ké nínú ọgbà.

Kì í ṣe igbe adìyẹ tó fẹ́ yé. Igbe ẹni tí wọ́n ń pa ni. Ó yẹ kó sáré wọlé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ síbẹ̀, ó sì fi ojú kan wáyà. Adìyẹ funfun kan wà nílẹ̀, ó wà láàyè. Bíi mẹ́jọ mìíràn yí i ká, wọ́n ń jẹ ẹ́ láti ìdí, wọn ò kánjú. Ẹ̀jẹ̀ ti kun ẹnu wọn dé ọrùn. Ẹgbẹ̀rún adìyẹ ló wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó sùn nínú wọn. Àwọn tó sún mọ́ ọn gbórí sókè, wọ́n wò ó, wọ́n wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì padà sí oúnjẹ wọn.

Kò mọ bí òun ṣe dé inú ilé.

Adìyẹ mọ́kànlá ni wọ́n kó jáde láàárọ̀, inú gbogbo wọn ti ṣófo. Ẹlẹ́yin ránṣẹ́ sí dókítà adìyẹ. Ṣùgbọ́n dókítà náà jìnnà, Onídìrí sì wà nítòsí. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, èèyàn ti kún ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan gbé òkúta dání, wọn ò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Àǹtí jáde pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lọ́rùn. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ìyàwó bọ́ síwájú ọkọ rẹ̀.

"Kí lẹ fi aṣọ dúdú dí fèrèsé fún?"

"Kí n lè sùn ni."

"Èyí tẹ́ ẹ fi di ojú ńkọ́?"

"Kí n lè sùn náà ni."

"Kí ló wà létí yín lánàá?"

"Òwú."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín, ẹ ò dáhùn."

"Ìyàwó, bí mo bá fẹ́ máa gbọ́ ìpè lóru, ṣé mo máa ki òwú sí etí?"

Lọ́jọ́ mìíràn, èèyàn á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnì kan nínú èrò náà sọ òkúta lu òrùlé yàrá rẹ̀. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé kì í ṣe eré. Ó wo àbúrò rẹ̀. "Ìwọ náà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun," ni Ẹlẹ́yin wí, ilẹ̀ ló ń wò. "Ẹ kúrò nílé yìí kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ jọ̀ọ́. Nítorí ọmọ."

Ìyàwó gbọ́ ọ, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Kí a má purọ́, inú rẹ̀ dùn.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀rọ ìránṣọ ti wà lórí ọmọlanke. Ìgbà yẹn ni dókítà adìyẹ wọlé, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó dé fìlà, tí kò mọ ohunkóhun nípa ẹjọ́ ilé náà. Ó yẹ àwọn adìyẹ tó kú wò, ó wọ inú ọgbà, ó gbójú sókè wo iná.

"Aago mélòó lẹ máa ń pa á?"

"A kì í pa á," ni Ẹlẹ́yin dáhùn.

"Rárá?"

"Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ sọ pé iná ń mú kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì yé dáadáa."

"Ó ní kí ẹ tàn án fún wákàtí mélòó?"

"Mẹ́rìndínlógún. Èmi wá rò ó pé bí mẹ́rìndínlógún bá dára, tí kò bá wá kú rárá ńkọ́?"

Dókítà mí kanlẹ̀. "Adìyẹ tí kò bá rí òkùnkùn, orí rẹ̀ á dàrú. Á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó yàtọ̀ láàárín wọn, á máa fi ẹnu ṣá a. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọ, ó parí, gbogbo wọn á dà bò ó." Ó yíjú sí wọn, ó wo ojú ọkọ, ó wo ojú ìyàwó, ó wo ọmọ. "Ta ló ń sùn ní yàrá tó kọjú síbí?"

"Gbogbo wa," ni Ẹlẹ́yin wí. "Dókítà, ògiri kan náà ni yàrá àbúrò mi tó kú àti ọgbà yìí jọ ń lò. Orí àkàbà ló ti já bọ́."

"Ó gun àkàbà láìsùn?"

"Oṣù méjì."

Dókítà ṣí fìlà rẹ̀. "Ẹni tí oorun ń kùn, tó wà lókè bẹ́ẹ̀! Ọrùn tó bá kán kì í ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ẹlẹ́yin jókòó sórí àpò oúnjẹ adìyẹ. "Èmi ni mo tan iná náà," ó wí. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́kún.

Dókítà wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ilé ń sùn. Ìyàwó ló dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n wa kan. Ẹ̀yìn ló wà. Ó ń fi aṣọ dúdú dí fèrèsé."

"Ẹ lọ bá a, kó kọ́ yín."

Wọ́n lọ bá a lóòótọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke, tọkọtaya. Àǹtí wò wọ́n pẹ́. Kò sọ pé òun ti gbọ́, kò sọ pé ó tán. Ó kàn ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ òun sọ̀kalẹ̀, nítorí kò sí ibòmíràn tó lè lọ. Kó tó di alẹ́, ó ti rán aṣọ fèrèsé dúdú mẹ́rin fún wọn. Ó ní kí wọ́n má sùn lọ́sàn-án mọ́, kí wọ́n má fẹnu kan tíì lẹ́yìn aago mẹ́rin, kí wọ́n máa wẹ̀ kí wọ́n sì dùbúlẹ̀ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, bó wù wọ́n bí kò wù wọ́n. Ohùn tó fi ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ẹlẹ́yin fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iná ọgbà. Òkùnkùn bolẹ̀, àwọn adìyẹ pariwo díẹ̀, wọ́n sì dákẹ́. Tọkọtaya àti ọmọ sùn bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ìyàwó jí ní ìdájí. Ọmọ rẹ̀ ń sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ìyàwó sunkún, ó sunkún ayọ̀, ẹ̀rí ọkàn sì tẹ̀ lé e. Ó gbé ọmọ náà mọ́ra, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fẹ́ kí Àǹtí rí i, ó fẹ́ tún bẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, láìsí ọkọ, láìsí èrò. Kò tíì kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?" Ohùn náà ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gan-an wá, bí ẹni pé ibẹ̀ ló jókòó sí látàná.

"Èmi ni, Àǹtí. Ẹ ò sùn?"

"Kí lo gbé lọ́wọ́?"

"Ọmọ ni. Ó sùn, Àǹtí. Ó ti sùn láti àná."

"Gbé e padà. Má gbé ọmọ wá sẹ́nu ọ̀nà mi lóru mọ́. Bó bá wúkọ́ lọ́la, ta lẹ máa mú?"

Ìyàwó fẹ́ sọ pé kò sẹ́ni tó máa mú un. Ó ti la ẹnu tán. Nígbà náà ni ọmọ wúkọ́ lójú oorun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ikọ́ kékeré, kí obìnrin náà sì tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fi ọwọ́ bo orí ọmọ, ó ti fà sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Àǹtí gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.