Àkọ́tà Jímọ̀ àti Ìjánu Ọkọ̀ Léonard

Ní ọdún 1964, Léonard ra ìjánu tí kì í ṣe ti ọkọ̀ rẹ̀ ní ọjà Dassa, nítorí pé kò fẹ́ ba àkọ́tà ẹlòmíràn jẹ́.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré kékeré ni, ìjókòó méjì péré, kò lórùlé. Òyìnbó tí Léonard ń wa ọkọ̀ fún ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sí Faransé. Kò sí irú rẹ̀ mìíràn láàárín àwọn òkè wa. Ìdí nìyẹn tí ohun èlò rẹ̀ fi ṣòro rí.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ́ ló wà lọ́kàn Antoinette, ìyàwó rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ náà. Odette ọmọ wọn ni. Wọ́n ti já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá Antoinette ní Gbaffo kó lè gbàgbé ọmú. Bóyá ọmọ gbàgbé. Ìyá kò gbàgbé. Bó bá gbọ́ igbe ọmọ aládùúgbò, àyà rẹ̀ á máa ro ó. Bó bá ń gún iyán, ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́ jù: kò sí orí kékeré tó ń gbá a lẹ́yìn mọ́. Òní ni wọ́n fẹ́ lọ mú un wálé.

Ìjánu ọkọ̀ ti ń ké. Pulakẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àwọn irin pẹlẹbẹ tó ń fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ra kó tó lè dúró, ti jẹ tán. Wọ́n bá yà sí ìsọ̀ Jímọ̀, tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní ọjà Dassa.

"Mùsé Léonard! Ẹ̀yin ni àkọ́tà mi lónìí. Ọlọ́run ló rán yín!"

"Ṣé o ní ti ọkọ̀ mi?"

Jímọ̀ tú àpótí, ó kó pulakẹ́ẹ̀tì jáde. "Òun gan-an nìyí. Paris ló ti wá."

Àṣàbí, tó ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ ní ìsọ̀ kejì, na ọrùn. "Ẹ gbé ti àtijọ́ lé e, ká wò ó."

Léonard tú ti àtijọ́ lára ọkọ̀, ó gbé e lé tuntun. Tuntun gùn jù, ihò wọn kò sì ṣe déédéé.

"Ìyẹn ò jẹ́ nǹkan," ni Jímọ̀ wí. Ó fa irin tí wọ́n fi ń pọ́n àdá yọ. "Màá ha á díẹ̀. Ọkọ̀ ò kàwé, kò ní mọ̀."

"Jímọ̀, ti kámíò akẹ́rù nìyẹn!" ni Àṣàbí wí. "Mùsé, ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ sí Kútọnu. Rélùwéè á gbé e dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fẹsẹ̀ rìn lọ sí Gbaffo lónìí."

"Àṣàbí! Láàárọ̀ kùtù báyìí, o fẹ́ ba àkọ́tà mi jẹ́? Kí ni mo ṣẹ̀ ọ́?"

Àṣàbí padà sídìí ọjà rẹ̀. Lọ́jà wa, ẹni tó bá lé oníbàárà àkọ́kọ́ lọ ti ba ọjọ́ ọlọ́jà jẹ́. Oníbàárà tó bá sì lọ lọ́wọ́ òfo, bí ẹni ṣépè ni. Léonard wo ojú ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀nà Gbaffo ni Antoinette ń wò. "Bàbá Odette, ẹ rà á jàre. Ṣé kì í ṣe ìjánu náà ni? Oòrùn ti ń ga."

"Ẹnu dídùn kì í dá ọkọ̀ dúró o," ni Àṣàbí ń kùn.

Jímọ̀ ha irin náà, Léonard sanwó, ó sì dè é mọ́ ọkọ̀. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ọkọ̀ dúró dáadáa. Wọ́n fi Àṣàbí rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, Léonard tẹ ìjánu. Nǹkan kan dún bí igi tó ṣẹ́. Ó tún un tẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kàn wọlé lọ ni. Antoinette ti ń rí òrùlé ilé ìyá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán.

Àpáta ló dá ọkọ̀ náà dúró.

Ẹ̀yin tó ní ọkọ̀, ẹ gbọ́. Ìjánu tó jọ tiyín kọ́ ni tiyín. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà, ẹ gbé e lé tuntun. Bí ọlọ́jà bá ní òun á ha á kó lè wọlé, ẹ dá a padà fún un. Bí èyí tó bá a mu kò bá sí, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn sílé. Ẹ ní ẹsẹ̀. Bí àkọ́tà rẹ̀ bá ń tì yín lójú, ẹ ra ìṣó kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ.

Léonard yè é. Apá ọ̀tún Antoinette ni wọ́n gé ní ọpitálì.

Nígbà tí Antoinette padà délé, ìyá rẹ̀ gbé Odette wá. Ọmọ náà kò gbàgbé. Ó sáré wá, ó yí sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fà á láṣọ pé kó pọn òun. Antoinette bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀já.

Ọwọ́ kan kì í so ọ̀já.