Ọpọlọ àti Ọ̀pọ̀lọ́

Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé, olùkọ́ ìṣirò wa, nàka sí Tẹjúmọ́lá, ó ní kó palẹ̀ ìwé rẹ̀ mọ́, kó máa bọ̀ lókè. Ọdún 1991 ni. Yàrá kan wà lókè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn fún àwọn olórí pípé. Nínú gbogbo kíláàsì wa ní Ajégúnlẹ̀, òun nìkan ni wọ́n mú.

"Láti òní lọ," ni olùkọ́ wí, "ọpọlọ ò gbọdọ̀ bá ọ̀pọ̀lọ́ jókòó mọ́."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Èmi àti Ejiro la jọ ń bá Tẹjúmọ́lá jókòó, àwa ló ń bá wí.

Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti lu agogo ìsinmi, Tẹjúmọ́lá á máa ṣàlàyé ìṣirò fún wa. Ejiro kì í gbà bọ̀rọ̀. Á béèrè ìdí tí máínọ́ọ̀sì méjì fi ń di pílọ́ọ̀sì, á tún un béèrè, títí Tẹjúmọ́lá fúnra rẹ̀ á fi jókòó tún un rò. Nígbà mìíràn, ibẹ̀ ló ti máa ń rí i pé òun náà kàn há a sórí ni.

Nígbà tó dèrò òkè, a bẹ̀ ẹ́ kó ṣì máa wá. Oyè tuntun ń dùn mọ́ ọn. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n rí òun lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Ìdánwò dé, èmi àti Ejiro fìdí rẹmi. Tẹjúmọ́lá tí wọ́n rán lọ síbi ìdíje ìṣirò ní Àpápá náà gbẹ̀yìn. Inú bí Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé, ó ní òun á fi ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé kún tirẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan: oògùn tí kò jẹ́, ó tún fẹ́ bù kún un.

Tẹjúmọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n padà sí kíláàsì. Ìbéèrè Ejiro ni mo fi ń mọ ohun tí mi ò tíì mọ̀."

"Kí wọ́n lè fà ọ́ sẹ́yìn, àbí?" Olùkọ́ ní kó gòkè.

Ó wò wá, ojú tì í, ó gòkè lọ. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, Ejiro ò padà wá. Ó ti lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Amukoko. Mo lọ bá a, mo ní kó jẹ́ ká jọ máa lọ sílé ìwé.

"Who go explain am for me?" ló bi mí.

Inú ṣì ń bí mi títí dòní. Ọwọ́ ọ̀tún ní í wẹ òsì, òsì ní í wẹ ọ̀tún. Bí ẹ bá rí ọmọ tí orí rẹ̀ pé, ẹ má kàn fà á yọ. Ẹ wo àwọn tó yí i ká, torí wọ́n wà lára ohun tó jẹ́ kí orí rẹ̀ pé. Ìwọ tí orí rẹ sì pé, má sá fún ọ̀rẹ́ tó ń béèrè ìbéèrè. Ọmọ kan ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlábọ̀dé ní òun fẹ́ gbé ga, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pàdánù.