Eyín Àgbékẹ́ Nínú Ike Sáńpù

Ẹni tí kò bá gba èyí gbọ́, kó lọ sí Jakande ní Ìsọlọ̀, kó béèrè ilé Motọ́lání onídìrí. Wọ́n á júwe rẹ̀ fún un. Motọ́lání wà láàyè, ọkọ rẹ̀ wà láàyè, ọmọ wọn ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Wọn ò ní sẹ́ ẹ. Àlàyé ni wọn ò ní ṣe, torí àwọn gan-an ò rí àlàyé ṣe fún ara wọn.

Bọ́láwálé lorúkọ ọkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá oníbàárà gba ẹrù jáde ní pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lórí pákó kan tó kàn mọ́ ògiri pálọ̀, níbi tó ń to ike sí.

Kì í ṣe ike lásán. Àwọn iléeṣẹ́ kan wà lókè òkun tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yẹ owó onírin wò. Wọ́n á sọ bóyá ojúlówó ni, wọ́n á sọ bó ṣe gbó tó, wọ́n á wá sé e mọ́ inú ike líle tó mọ́ gaara, tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí láìfọ́ ọ. Láti polówó ara wọn, wọ́n máa ń fi owó tí ò níye lórí ṣe díẹ̀, wọ́n á kọ "sáńpù" sí ìwé pélébé orí rẹ̀, wọ́n á pín in lọ́fẹ̀ẹ́ níbi ìpàtẹ. Sáńpù yìí ni Bọ́láwálé ń lé. Mùktárù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa takisí ní Amẹ́ríkà ló ń bá a gbà á. Á fi ìbọ̀sẹ̀ wé wọn, á fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ nílé. Bọ́láwálé mọ̀ wọ́n bí ẹni mọ ọmọ àdúgbò. Èyí tí ìwé rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sódì, èyí tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ti kógbá wọlé. Owó inú wọn kò kàn án rárá.

"O ra bàtà," ni Motọ́lání máa ń wí, "o ju bàtà nù, o wá gbé páálí sórí pákó."

"Ìyá Àgbékẹ́, gbogbo ilé ni owó wà. Ilé tí owó ń gbé ni mò ń wá."

"Ilé tí àwa ń gbé ńkọ́, tí omi bálùwẹ̀ àwọn ará òkè ń kán sí?"

Bọ́láwálé á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Motọ́lání fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn. Bó ṣe ń bú ike náà tó, òun náà ló ń fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n ní Sátidé.

Ọ̀kan wá dé tó yàtọ̀. Abala méjì ni, wọn ò tíì lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kò sí owó nínú rẹ̀, àyè róbótó tí owó ń gbé ṣófo. Mùktárù fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù pé: "Wọ́n ní kéèyàn fi ohun tó bá wù ú sínú èyí o. Àmọ́ tó bá ti pa dé, ó ti dé nìyẹn."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Àgbékẹ́ ṣubú nínú ọgbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun fún un ni, ṣùkú, ìpara ṣì ń dán lórí rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ bó. Eyín iwájú tó ti ń mì látọjọ́ bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún. Ó sáré wọlé, ó la ẹnu gbàgà.

"Mọ́mì, mo ti di akáyín!"

Gbogbo ẹni tí wọ́n bí nílé Yorùbá ló mọ ohun tó kàn. Ọmọ á di eyín náà mọ́wọ́ pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, á dijú, á jù ú sórí òrùlé. Aláǹgbá ò gbọdọ̀ rí i. Bí aláǹgbá bá rí i, òmíràn ò ní hù.

"Òrùlé wo?" ni Bọ́láwálé bi í. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ilé méjì sì wà lórí tiwọn. "Tó bá jù ú báyìí, inú ọbẹ̀ Ìyá Hàkímù lókè ló máa bọ́ sí."

"Òrùlé Màmá Òṣòdì lọ sílẹ̀," ni Motọ́lání wí. Màmá Òṣòdì ni ìyá ọkọ rẹ̀. "Ká gbé e lọ ní Sọ́ńdè."

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó má baà sọnù kó tó di Sọ́ńdè, Bọ́láwálé mú ike tó ṣófo náà. Ó gbé eyín náà sínú àyè róbótó. Ó bá a mu rẹ́gí. Ó gbójú sókè. Àgbékẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àlàfo ẹnu rẹ̀, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Háà, ọmọ mi," ni bàbá rẹ̀ wí. "Dúró bẹ́ẹ̀."

Ó tẹ ike náà pọ̀. Kọ́.

Motọ́lání rántí pé gbogbo jẹnẹrétọ̀ Jakande dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná ò dé. Wọ́n kàn dákẹ́ ni. Lẹ́yìn náà wọ́n tún ń dún.

Òjò rọ̀ ní Sọ́ńdè. Sọ́ńdè kejì, oníbàárà pọ̀. Wọ́n gbàgbé.

Rodiat ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó wá di irun ní ṣọ́ọ̀bù Motọ́lání tó wà ní Àgọ́ Palace, ó sì rí Àgbékẹ́ tó ń ṣeré lórí àga.

"Àǹtí Tọ́lání, irun ọmọ yín yìí mà dára o. Ṣé àná lẹ dì í ni?"

"Kì í ṣe àná."

"Ìgbà wo wá ni? Ìpara wo lẹ fi sí i? Ẹ bu díẹ̀ fún mi, ẹ má ṣahun."

Motọ́lání fẹ́ dáhùn. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí Rodiat. Kí wọ́n tó pa ẹran Iléyá ló ti di irun náà. Ẹran Iléyá ti tán nínú fíríìsà gbogbo ayé.

Ó pe ọmọ. Ó fọwọ́ tọ́ ojú irun. Ó mọ́ féfé. Ìpara ṣì wà lórí rẹ̀, ó ṣì ń ta sánsán. Ó wo èékánná. Kò rántí ìgbà tó gé e kẹ́yìn. Ó ká yẹ̀rì ọmọ náà sókè díẹ̀.

Orúnkún náà ṣì pupa. Ó ń dán, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Motọ́lání fi ìka kàn án. Ẹ̀jẹ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà lórí ìka náà.

"Ṣé kò dùn ẹ́ ni?"

"Ó máa tó dùn mí, Mọ́mì," ni Àgbékẹ́ wí. "Kò tíì dé."

Rodiat ò tọrọ ìpara mọ́.

Nígbà tí wọ́n délé, Motọ́lání gbé ọmọ náà jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tú ìlà irun kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó dìde lọ mú òòyà ní yàrá. Ó padà dé. Ìlà náà ti wà ní dídì. Àgbékẹ́ ò kúrò lójú kan. Kò sẹ́lòmíì nínú ilé. Motọ́lání tẹjú mọ́ ọn. Onídìrí mọ ọwọ́ onídìrí. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló dì í.

Ó jókòó, ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó ń dúró de ọkọ rẹ̀.

Bọ́láwálé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo orúnkún náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn méjèèjì lọ síbi pákó. Ike náà wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ìdí eyín náà ṣì pupa bí àná. Ike náà sì ń làágùn nínú. Ooru fẹ́ẹ́rẹ́ á bò ó, á lọ. Á bò ó, á lọ.

"Ó ń mí," ni Bọ́láwálé wí. Ó na ọwọ́ sí òòlù.

"Tó bá fọ́ eyín yẹn ńkọ́?" ni Motọ́lání bi í.

Wọ́n wo Àgbékẹ́. Òòlù náà padà sílẹ̀. Motọ́lání pe Màmá Òṣòdì lórí fóònù.

"Ẹ fi eyín ọmọ sínú kí ni?"

"Ike, mà."

"Ike mílíìkì?"

"Ike owó tí Dádì Àgbékẹ́ ń kó jọ, mà."

Motọ́lání gbọ́ bí rélùwéè ṣe kọjá lẹ́yìn Màmá, tó lọ tán.

"Ìyàwó mi, gbé e wá. Gbé ọmọ náà wá. Ní àṣálẹ́, tí aláǹgbá bá ti wọlé sùn."

Ilé Màmá Òṣòdì kò jìnnà sí ojú irin rélùwéè. Òrùlé rẹ̀ páànù àtijọ́ ni, ó lọ sílẹ̀ débi tí àgbà lè fọwọ́ kàn án. Motọ́lání gbé dráyà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dání, àti òòyà onírù irin. Kò kàwé rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń fi iná àti omi gbígbóná pa ẹnu irun atáṣímẹ́ǹtì tí wọ́n fi ike ṣe dé. Ó mọ ìgbà tí ike ń rọ̀, ó mọ ìgbà tó ń jó.

Bọ́láwálé di ike náà mú.

"Èmi ni mo ní kó dúró," ló wí. "Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ràn."

"Mo mọ̀. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀. Dì í mú dáadáa."

Ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí etí ike náà, díẹ̀díẹ̀. Àgbékẹ́ jókòó lórí ẹní, ó ń wò wọ́n, kò ṣẹ́jú. Motọ́lání ki ìrù òòyà bọ àárín. Ó yí i. Kẹ́. Ó là.

Atẹ́gùn kan jáde nínú rẹ̀. Òórùn ìpara ni. Òórùn ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àgbékẹ́ ké tòò. "Orúnkún mi! Mọ́mì, orúnkún mi o!"

Ìrora náà ti dé. Ọmọ ń sunkún, ìyá ń sunkún, Bọ́láwálé ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Láyé, kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn sí ẹkún ọmọ rí bíi tiwọn.

"Ẹ ṣe kíá," ni Màmá wí. Ó fi òkúta wẹ́wẹ́ àti eyín sí ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó mú un jáde. "Dijú, ọkọ mi. Jù ú."

Àgbékẹ́ dijú, ó jù ú. Àwọn òkúta bà páànù, wọ́n yí, wọ́n já bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wọn, ohun kan ṣoṣo tún dún lókè. Kọ́. Kò yí. Kò já bọ́.

Gbogbo àgbàlá dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, nǹkan kékeré kan gbé ẹsẹ̀ lórí páànù. Ó tún gbé òmíràn. Kò sáré bí aláǹgbá. Jẹ́jẹ́ ló ń lọ, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, ó kọrí sí òkè góńgó òrùlé. Rélùwéè dé, ariwo bo gbogbo rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Ẹ wọlé," ni Màmá wí. "Ẹ má wòkè."

Ibẹ̀ ni wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, irun Àgbékẹ́ ti rí wúruwùru, ó ti hù jáde nínú dídì. Èékánná rẹ̀ ti gùn. Sálúbàtà tó wọ̀ wá ò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Èépá ti dì lórí orúnkún. Motọ́lání ń fi ẹnu ko gbogbo ara rẹ̀, ó ń dúpẹ́, kó tó rí i pé àlàfo ẹnu ọmọ náà ti dí.

Eyín wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń yọ orí. Ó ti hù tán.

Ó fà á sún mọ́ ojú fèrèsé. Eyín náà tóbi bó ṣe yẹ, ó tò mọ́ àwọn yòókù dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ti jẹ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tó ti ń jẹ orógbó láti bí àádọ́rin ọdún. Ó fi àtàǹpàkò kàn án. Kò mì rárá.

Bọ́láwálé wò ó, ó yí ojú sí ìyá rẹ̀. Màmá wò ó pẹ́ títí.

"Ẹ fún un lóúnjẹ," ni Màmá wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí dòní.

Wọ́n gbé ẹ̀pà fún un. Ó ń fi eyín náà fọ́ ọ, wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, kò kánjú.

"Ṣé kò dùn ẹ́?" ni Motọ́lání bi í.

"Rárá, Mọ́mì. Ó ti mọ ẹnu mi tẹ́lẹ̀. Ó ti bá mi darúgbó rí."

Motọ́lání dìde. Ó mú òòyà. Ó ní kí ọmọ náà wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ òun, irun tí wọ́n máa tú pọ̀.