Ohun Tí Mo Sọ fún Ìyá Oníbírò

Obìnrin tí kóòtù rán wá yẹ ilé wa wò ní kí bàbá mi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí òfin ní òun gbọ́dọ̀ bá èmi nìkan sọ̀rọ̀. Bàbá mi jáde, ó sì rọra fa ilẹ̀kùn dé. Ìyá Oníbírò là ń pe obìnrin náà nílé wa, torí kò sí ohun tí kì í kọ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó ka fèrèsé, ó wọn yàrá, ó tún béèrè iye ìgbà tí à ń jẹun lójúmọ́. Bàbá mi ní ó ku díẹ̀ kó ka eyín òun.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, èmi nìkan sì ni àwọn òbí mi bí. Màmá mi ti lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn láti gba ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan tọ́, ọmọ tí kò ní ìyá, tí kò ní bàbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ní òun máa lò. Àmọ́ òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ gba ọmọ gbọ́dọ̀ máa gbé pẹ̀lú ọmọ náà níbẹ̀ títí adájọ́ á fi buwọ́ lùwé. Adájọ́ sì ń sún ọjọ́ síwájú ṣáá. Lónìí, òǹtẹ̀ ò sí lára ìwé kan. Lọ́la, adájọ́ gba ìsinmi. Lọ́túnla, ẹni tó ń túmọ̀ èdè ò wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà di oṣù mẹ́jọ.

Ilé wa wá dákẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ilé ìfọṣọ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, áyọ́ọ̀nù ló ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Tó bá dé, orí àga ló máa sùn lọ sí kó tó bọ́ bàtà tán. Èmi ni mò ń dáná, èmi náà ni mò ń dá jẹun. Nígbà mìíràn mo máa ń tan rédíò kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn èèyàn. Ìdánwò àṣekágbá mi ti sún mọ́lé, màmá mi sì ti ṣèlérí pé òun á ti dé kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọọjọ́ Àìkú ló máa ń pè láti béèrè bóyá mo wà dáadáa. Mo máa ń sọ pé dáadáa ni mo wà. Irọ́ ni. Ó ń ṣe mí bíi kí n ké.

Ìyá Oníbírò ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ṣé o fẹ́ kí ọmọ yìí wá máa gbé lọ́dọ̀ yín?"

Mo rò ó pé bí mo bá ní mi ò fẹ́, wọ́n á da ẹjọ́ náà nù, màmá mi á sì wọ bàálù bọ̀ wálé. Ọgbọ́n orí mi nìyẹn.

"Mi ò fẹ́," mo dáhùn. "Bàbá mi náà ò fẹ́, wọ́n kàn ń dákẹ́ ni."

Bàbá tí mo purọ́ mọ́ yìí, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan ibùsùn ọmọ náà. Ìyá Oníbírò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́jọ́ wáyé. Adájọ́ ò da ẹjọ́ nù. Ó ní kí wọ́n tún ilé wa yẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀, kí màmá mi sì dúró fún oṣù mẹ́rin sí i. Bàbá mi ka lẹ́tà tí kóòtù fi ránṣẹ́, tí ọ̀rọ̀ tí mo sọ wà nínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé ìgbà wo lòun sọ pé òun ò fẹ́ ọmọ. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó.

Mi ò dúró de ọjọ́ Àìkú. Mo pe màmá mi, mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo. Ó wá sọ fún mi pé àárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ lọmọ náà ti wọ bàtà, torí òun ti sọ fún un pé ilé ti yá. Ó wọ̀ ọ́ sùn, kò jẹ́ kí òun bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "àlejò lo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ṣé èmi ò tó ẹni tí o lè fọ̀rọ̀ lọ̀ ni?"

"Mo rò pé ẹ ti gbàgbé mi, mà."

Àwa méjèèjì la jọ sunkún.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá Ìyá Oníbírò ní ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní ìwé ti kúrò lọ́wọ́ òun. Kí n dúró de ìbẹ̀wò kejì, kí n wá sọ òótọ́ nígbà yẹn. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Mo ṣe ìdánwò mi tán láìsí màmá mi nílé. Lójoojúmọ́, àwọn ìyá máa ń dúró de ọmọ wọn lẹ́nu géètì. Èmi á gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, mà á dá rìn lọ sílé.

Nígbà tí Ìyá Oníbírò padà wá, mo sọ fún un pé irọ́ ni mo pa mọ́ bàbá mi, pé ẹ̀rù ló ń bà mí, pé kí ọmọ náà máa bọ̀. Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ìgbẹ́jọ́ ṣì ku oṣù méjì.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ìdáwà bá ń jẹ yín níyà, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó bí yín, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi ò sọ ọ́. Mo fi ẹnu ara mi fi oṣù mẹ́rin kún ìyà tó ń jẹ mí, mo sì fi oṣù mẹ́rin kún ti ọmọ kékeré kan tí kò ṣẹ̀ mí rí.